Dírẹ́bà kò pọ̀, àga ìwòran ṣófo: kí la lè ṣe sí pápá ìje stock car àdúgbò?

GéètìKẹta
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ pápá ìje stock car (ọkọ̀ ìje tí ìrísí rẹ̀ jọ ti ọkọ̀ ojú títì) kan ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ní Amẹ́ríkà, ni mo gbé wá. Pápá ọlọ́dà ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá máìlì kan, alẹ́ Sátidé ni wọ́n ń sáré níbẹ̀. Late model mẹ́sàn-án (ìsọ̀rí tó yá jù), street stock mẹ́fà (ọkọ̀ ojú títì tí wọ́n tún ṣe fún ìje), mini stock mẹ́jọ (ọkọ̀ kékeré) ló ń wá. Àga ìwòran gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn, ìdá kan nínú márùn-ún ló ń kún. Ìgbìmọ̀ fẹ́ tún nǹkan ṣe kí oṣù kẹta tó dé. Èwo ni ká kọ́kọ́ mú: ká wá dírẹ́bà ni, àbí ká wá èrò? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ṣeé ṣe ni kí ẹ sọ, owó ò pọ̀.

Bóòtù_àti_Nọ́ọ̀tì
Dírẹ́bà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ wá kì í dá wá. Ká ní òun àti àwọn mẹ́rin tó ń bá a tún ọkọ̀ ṣe ra tíkẹ́ẹ̀tì pit (ọgbà tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ìje ṣe) ní dọ́là 35 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, dọ́là 175 ti wọlé kí ìyàwó rẹ̀, ìyá rẹ̀ àtàwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ tó dé géètì òǹwòran. Ọkọ̀ kan tó bá dúró sílé, gbogbo wọn ló bá a dúró sílé.

Bí wọ́n ṣe ń pín owó ni ọ̀pọ̀ pápá ti ń ṣìnà. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sórí ẹni àkọ́kọ́ kí ìpolówó lè dùn létí. Àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin kan náà ni yóò máa gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin. Ẹni tó ń ṣe ipò kẹrìnlá á gba 50, bẹ́ẹ̀ táyà ìje kan ṣoṣo lè ju 150 lọ. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ títí oṣù keje, á gbé ọkọ̀ rẹ̀ sórí Facebook Marketplace. Ká ní dọ́là 3,000 lẹ ní fún ọkọ̀ ogún: ẹ fún ẹni kìíní ní 500, ẹnì kejì 350, ẹnì kẹta 250, ẹnì kẹrin 200, ẹnì karùn-ún 160, kí ẹ wá fún àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù ní 100 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. 2,960 ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó kẹ́yìn pátápátá gba 100 lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin ti gba 175 lọ́wọ́ òun àtàwọn èèyàn rẹ̀. Níbo ni àdánù wà níbẹ̀?

Ẹ sì san án lálẹ́ ọjọ́ náà, kí tírélà tó ń fa ọkọ̀ wọn tó jáde ní géètì. Owó tí wọ́n ń lé kiri fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń lé dírẹ́bà lọ ju owó kékeré lọ.

Olùyẹ̀wò_Ọkọ̀
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n Bóòtù sọ, àmọ́ owó nìkan kọ́. Òfin tó ń yí padà burú ju owó kékeré lọ. Ẹni tó ti ra ṣọ́ọ̀kì àti kábúrétọ̀ tí òfin ọdún yìí fẹ́, tí ẹ wá yí òfin padà ní oṣù karùn-ún nítorí pé ẹnì kan ń borí jù, kò ní fojú kàn yín mọ́. Ẹ gbé òfin yín jáde ní oṣù kọkànlá, kí ẹ kọ ọ́ sókè gàdàgbà pé fún ọdún mẹ́ta, ẹ ò ní fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, táyà àti ìwọ̀n ọkọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ààbò, ìyẹn yàtọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá gbogbo pápá tó wà láàárín ọgọ́rùn-ún máìlì sí yín, kí ẹ bá àwọn alákòóso wọn jókòó. Tí street stock tiyín bá ń lo táyà kan, tí tàwọn aládùúgbò ń lo òmíràn, mẹ́fà lẹ máa ní, àwọn náà á ní méje. Tí òfin bá bára mu, tí wọ́n ń sáré ní Fúráìdè, tí ẹ̀yin ń sáré ní Sátidé, ọkọ̀ mẹ́tàlá kan náà ló máa kún pápá méjèèjì.

Ẹ́ńjìnnì ló ń jẹ owó jù. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ pápá fi gba crate 602 ti Chevrolet: ilé iṣẹ́ ló tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, 350 cubic inch ni, agbára rẹ̀ tó nǹkan bí 350 horsepower, wọ́n sì fi bóòtù elédìdì dì í kí ẹnikẹ́ni má baà tú u. 604 lágbára jù ú lọ, ó tó nǹkan bí 400. Ẹ má fi ìyẹn sùn o, ayédèrú bóòtù wà níta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò orí bóòtù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa fi fọ́tò náà wé ohun tó wà lára ọkọ̀ tó bá borí.

Ní ti táyà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lò ju tuntun méjì lọ lálẹ́ kan. Ẹ fi àmì yín sí i lára, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn kan máa ń fi kẹ́míkà rẹ táyà kí rọ́bà lè rọ̀, kó lè di ilẹ̀ mú dáadáa. Durometer ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe le tó. Ooru ń yí òǹkà rẹ̀ padà, nítorí náà ẹ wọn táyà nígbà tó ṣì tutù, kí ẹ sì wọn tuntun kan tí kò tíì kúrò lọ́wọ́ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ìyàtọ̀ bá pọ̀, ẹ gé rọ́bà díẹ̀ lára rẹ̀ lọ sí ilé àyẹ̀wò. Ẹ má fi òǹkà durometer nìkan lé ẹnikẹ́ni, ẹjọ́ rẹ̀ kì í tán.

Kí òfin kan náà sì mú ọmọ olówó àti ọmọ tálákà. Ní Snowball Derby, ìje oníyìípo 300 tí wọ́n ń sá ní Five Flags Speedway ní Pensacola, ìpínlẹ̀ Florida, láti 1968, Chase Elliott ló kọ́kọ́ dé ìparí ní 2013. Wọ́n bá tungsten, irin kan tó wúwo gan-an, lára ọkọ̀ rẹ̀, ohun tí òfin wọn kò gbà kí wọ́n fi kún ìwọ̀n ọkọ̀. Wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, Erik Jones ni wọ́n gbé e fún. Gbogbo ayé ló mọ bàbá Chase, Bill Elliott, gbajúgbajà dírẹ́bà NASCAR, àjọ ìje stock car tó tóbi jù ní Amẹ́ríkà. Títí di òní, dírẹ́bà láti oríṣìíríṣìí ìpínlẹ̀ ṣì ń wakọ̀ lọ síbẹ̀ lóṣù Kejìlá.

Bóòtù_àti_Nọ́ọ̀tì
Mo fara mọ́ ọn pátápátá.

GéètìKẹta
Ẹ ṣeun gan-an ni. Òfin àti owó ti yé mi. Àmọ́ street stock mẹ́fà péré ni, àwọn tó sì ń wà wọ́n ti ń dàgbà. Níbo ni ẹni tuntun yóò ti wá?

Wẹ́dà_Alágò
Ẹ dá ìsọ̀rí Crown Victoria sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ pápá ti ní in, ó sì ń mú ẹni tuntun wọlé. Ford ṣíwọ́ ṣíṣe ọkọ̀ náà ní 2011, àmọ́ èyí tí ọlọ́pàá àti onítakisí ti lò ṣì wà. Ẹ́ńjìnnì V8 onílítà 4.6, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, orí chassis irin gidi ni bọ́dì rẹ̀ jókòó sí, nítorí náà ó ń gba ìkọlù. Òfin ìsọ̀rí yìí kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé méjì lọ: ẹ́ńjìnnì bó ṣe wá láti ilé iṣẹ́, sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì bó ṣe wá, táyà ojú títì kan náà fún gbogbo wọn.

Bí wọ́n ṣe máa kọ́ ọ nìyí. Kí wọ́n yọ wáyà bátìrì kúrò, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, kí wọ́n tó tú airbag. Tí ẹ bá ń jó irin nítòsí airbag tó ṣì wà níbẹ̀, ó lè bú. Kí wọ́n kó gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àti tẹ̀yìn, kápẹ́ẹ̀tì, ìjókòó àti gbogbo ọ̀rá inú rẹ̀ dànù, torí wọ́n ń gbaná. Àgò irin tó ń dáàbò bo dírẹ́bà tí ọkọ̀ bá dojú dé ló kàn: páìpù irin líle tí wọ́n ń pè ní DOM, tó jẹ́ ínǹṣì 1¾ ní ìbú, tí ara rẹ̀ nípọn tó ínǹṣì 0.095. Páìpù omi ni àwọn tó fẹ́ dín owó kù máa ń gbé wá. Ẹ dá a padà ní géètì. Ó máa ń là lójú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, èéfín zinc ara rẹ̀ sì ń ṣe ẹni tó ń jó o níbi. Ọ̀pá mẹ́rin ni kó wà ní ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kí wọ́n tẹ̀ síta díẹ̀, kí wọ́n jó páànù irin tó nípọn tó ínǹṣì ⅛ mọ́ wọn níta. Orí chassis gan-an ni ẹsẹ̀ àgò yóò dúró lé. Mini stock tí kò ní chassis ńkọ́? Páànù irin ínǹṣì mẹ́fà ní mẹ́fà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀pá á gún ilẹ̀ ọkọ̀ yọ sódì kejì lọ́jọ́ tó bá dojú dé.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ẹ̀yìn axle ẹ̀yìn ni táńkì epo Crown Victoria wà. Tí wọ́n bá gbá a látẹ̀yìn kíkankíkan, ó lè jò, kó sì gbiná. Ẹ fi fuel cell (táńkì epo ìje tí kì í tètè bẹ́) ṣe dandan, nínú àpótí irin, kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ dè é mọ́lẹ̀, kí ògiri irin sì wà láàárín rẹ̀ àti dírẹ́bà. Tí ẹnì kan bá ní owó rẹ̀ ti pọ̀ jù, kó dúró díẹ̀ títí yóò fi rí owó.

Akoto: èyí tó ní àmì Snell (àjọ tó ń dán akoto wò) SA2020 tàbí SA tó tuntun jù ú lọ. Ti ọ̀kadà kò bófin mu, nítorí wọn kì í fi iná dán an wò bíi ti SA. Bẹ́líìtì: èyí tó so mọ́ ibi márùn-ún, ẹ wo déètì tó wà lára àmì SFI 16.1 (SFI ni àjọ tó ń ṣe òṣùwọ̀n ohun ààbò ìje), ọdún méjì ló ń lò. Ohun ìdáàbòbò ọrùn SFI 38.1. Owó ìwọ̀nyí ló ń dá ẹni tuntun dúró jù, torí kò sí àlòkù bẹ́líìtì. Ẹ wá onígbọ̀wọ́ kan tí yóò ra akoto márùn-ún, aṣọ aládèénà iná márùn-ún àti ohun ìdáàbòbò ọrùn márùn-ún tí ẹ ó máa yá ẹni tuntun fún oṣù méjì àkọ́kọ́. Orúkọ onígbọ̀wọ́ náà á wà lẹ́yìn aṣọ.

Olùyẹ̀wò_Ọkọ̀
Kí n fi kún un. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ ìje ni ẹni tuntun yóò kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ wá fún àyẹ̀wò. Tí ẹ bá dá a padà lójú gbogbo èèyàn nítorí ọ̀pá kan, ó tán nìyẹn. Lóṣù Kejì, ẹ lọ bá wọn nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí àgò ṣì wà ní ìhòòhò, kí ẹ wo gbogbo ojú ìjó, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ni kó ti máa gbéra, kí ìlà yẹ́lò wà ní bọ́ńpà ẹ̀yìn rẹ̀ kí àwọn tó kù lè mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni.

Ọ̀dọ́_Lórí_Sítíárì
Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà. William Byron àti Rajah Caruth, àwọn dírẹ́bà NASCAR, orí iRacing (eré ìje orí kọ̀ǹpútà) ni àwọn méjèèjì ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó jókòó nínú ọkọ̀ gidi. Caruth, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ka ìwé ní Winston-Salem State University, gba ìje Truck Series (ìje ọkọ̀ pick-up ti NASCAR) ní Las Vegas ní 2024. Ẹ gbé sítíárì kọ̀ǹpútà méjì àti pẹ́dà ẹsẹ̀ wọn síwájú ilé ìtajà ńlá lọ́jọ́ Sátidé ní àárọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ sá ìyípo mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹni tó bá yá jù lọ́sẹ̀ náà, ẹ fún òun àti òbí rẹ̀ ní tíkẹ́ẹ̀tì pit. Fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda òbí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà kí ọmọ tó wọ pit, àwọn oníṣòwò adójútòfò kì í fi ìyẹn ṣeré.

Maiki_Lọ́wọ́
Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ òǹwòran. Èrò tó wá lẹ́ẹ̀kan tí kò padà wá, aago ló sábà máa ń lé e. Ní pápá yín, ìyípo kan tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 17. Àádọ́ta ìyípo kò ju ìṣẹ́jú 14 àti díẹ̀ lọ. Tí àsíá yẹ́lò (àmì pé ewu wà, kí ọkọ̀ rọra) bá wá jáde lẹ́ẹ̀mẹfà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìṣẹ́jú 24 nìyẹn tí ọkọ̀ ń wọ́ tẹ̀lé ara wọn. Ohun tí èrò sanwó fún kéré sí ohun tí wọ́n fi sùúrù wò.

Bí ẹ ṣe máa dín in kù: ọkọ̀ tó bá fa àsíá yẹ́lò lẹ́ẹ̀mejì fúnra rẹ̀, kó lọ sí pit, ó ti tán fún un lálẹ́ yẹn. Ọkọ̀ méjì tó ń fa ọkọ̀ tó bàjẹ́ ni kí ẹ ní, ọ̀kan ní kọ́nà kejì, ọ̀kan ní kọ́nà kẹrin, kí ẹ́ńjìnnì wọn máa ṣiṣẹ́. Kí gbogbo dírẹ́bà ní rédíò tí wọ́n kàn fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tí olùdarí ìje fi ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má baà máa fi ọwọ́ júwe ipò fún ara wọn. Kí àpò ohun tó ń fa ọ́ìlì wà ní kọ́nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ìje kọ̀ọ̀kan sì ní òpin: tí ìṣẹ́jú 35 bá ti pé, ìyípo méjì ló kù.

Ní 4:00 kí géètì ṣí. Láti 5:45 sí 6:20, ẹ to ọkọ̀ sójú pápá níwájú àga ìwòran kí àwọn ọmọdé wá gba ìfọwọ́sí, kí wọ́n jókòó nínú ọkọ̀. Àsíá ewé (àmì pé kí ìje bẹ̀rẹ̀) àkọ́kọ́ ní 7:00 géérégé, kódà tí ọkọ̀ kan bá ṣì ń pààrọ̀ táyà. Late model ní nǹkan bí 8:15 kí àwọn ọmọ tó sùn, Crown Victoria ló máa kẹ́yìn. Ní 9:45 kí gbogbo rẹ̀ ti parí. Àwọn tó ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ kejì á lè wá, àwọn aládùúgbò kò sì ní máa fi ariwo pè yín lẹ́jọ́.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sá, ẹni tó di maiki mú ló ń sọ fún èrò ta ni wọ́n ń wò. "Nọ́ńbà 27 kọjá" kò wúlò. Ẹ sọ pé bírikìlà ni ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀, pé ọkọ̀ 14 tó wà níwájú rẹ̀ ló tì í sí ògiri lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ wo Bowman Gray Stadium ní Winston-Salem, pápá ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì tó yí pápá bọ́ọ̀lù ká, tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Wọ́n ti ń sáré níbẹ̀ láti 1949, èrò ṣì ń ya lọ síbẹ̀ bí omi. Wọ́n mọ ẹni tó ń bá ẹni jà. Dírẹ́bà kan á gbà láti lọ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn kó lè gba owó kún owó rẹ̀, gbogbo àga á dìde dúró.

Àga_Òkè
Ẹ má bínú sí mi o. Ìkọlù ni èrò ń wá wò. Ẹ ṣe alẹ́ ìje bọ́ọ̀sì ilé ìwé àti ìje tírélà, ẹ ó rí i bóyá àga kò ní kún.

Maiki_Lọ́wọ́
Á kún, bọ̀dá mi. Àmọ́ èrò alẹ́ yẹn kì í padà wá lọ́sẹ̀ kejì tí ẹ kò bá fi nǹkan mìíràn hàn wọ́n. Ó sì ń ba ọ̀dà jẹ́: rímù tí táyà rẹ̀ ti jáde ń hú ojú pápá, ọ́ìlì tó dà sílẹ̀ ń mú kí ọkọ̀ yọ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó. Ẹ fi Crown Victoria àti street stock ṣáájú lálẹ́ náà kí àwọn tó wá wo bọ́ọ̀sì lè rí ìje gidi, kí ẹ sì fún gbogbo ẹni tó wọlé ní tíkẹ́ẹ̀tì ìdajì owó fún Sátidé tó tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni kó lò.

Àǹtí_Tíkẹ́ẹ̀tì
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá, ọ̀fẹ́ ni kó wọlé. Kò sí ọmọ tó ń dá wakọ̀ wá, àgbàlagbà méjì ló ń gbé e wá, wọ́n á sì ra hot dog.

Ẹ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó mẹ́wàá mẹ́wàá fún dírẹ́bà kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Òun ni yóò pín in níbi iṣẹ́ rẹ̀ àti ní àdúgbò rẹ̀. Ní géètì, ẹ kó wọn sínú àpótí, ẹ kà á ní oṣooṣù: ẹni tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà wá jù, ẹ fún un ní táyà méjì. Ẹ ó tipa bẹ́ẹ̀ mọ dírẹ́bà tó ń fa èrò, àwọn onígbọ̀wọ́ á sì fẹ́ rí òǹkà náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìje ńlá, ẹ gbé ọkọ̀ gidi kan síwájú ilé ìtajà oúnjẹ, kí dírẹ́bà fúnra rẹ̀ dúró tì í. Páálí ìpolówó lásán, wọ́n á kọjá lára rẹ̀.

Ní ti fídíò orí ayélujára: tí owó rẹ̀ bá kéré sí ti géètì, ará àdúgbò á jókòó sílé tí òtútù bá mú. Ẹ jẹ́ kó dọ́gba pẹ̀lú owó géètì àgbàlagbà kan. Àmọ́ kí èsì ìje àti fọ́tò gbogbo ọkọ̀, títí kan ti ẹni ìkẹyìn, wà lórí Facebook kí ilẹ̀ tó mọ́. Màmá ẹni tó ṣe ipò kejìdínlógún ló máa pín in fún gbogbo ẹbí.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Charlotte àti Raleigh, mo mọ̀ pé òwàǹbẹ̀ ló ń gba Sátidé yín. Ẹ bá ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀ kí ẹgbẹ́ yín gba ogójì àga lẹ́ẹ̀kan náà ní owó tó dín, kí wọ́n kí yín láti orí maiki.

Ìtàn_Ìje
Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ àǹtí. Ní 1952, ní Danville, Virginia, àwọn tó ń ṣètò ìje rí i pé àga kò kún, wọ́n ní àwọn ń wá dírẹ́bà aláwọ̀ dúdú kan kí àwọn aláwọ̀ dúdú lè wá wò ó. Wendell Scott ni wọ́n rí, mẹkáníìkì àti onítakisí. Ìwọ̀sí tí wọ́n fi kàn án láwọn pápá ìgbà yẹn kò kéré. Ní December 1, 1963, òun ló borí ní Jacksonville, ẹlòmíràn ni wọ́n fún ní àsíá ìborí, ó di lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé òun ló gbà á. 2015 ni wọ́n gbé e wọ NASCAR Hall of Fame. Tí ẹ bá pe ẹnì kan wá kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè tẹ̀ lé e, ẹ fún un ní ibi tó dáa ní pit, ẹ ka ìyípo rẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ lé ẹni tó bá bú u jáde lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó jókòó lórí àga ń wo bí ẹ ṣe ń ṣe é.

GéètìKẹta
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kan ló kù: òjò. Lọ́dọ̀ wa, òjò Sátidé kì í wọ́n lóṣù karùn-ún àti ìkẹfà.

Bóòtù_àti_Nọ́ọ̀tì
Aago méjìlá ọ̀sán ni kí ẹ ṣe ìpinnu, kí dírẹ́bà tó wà ní máìlì 120 má tíì gbéra. Ẹ kọ ọ́ sórí Facebook, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo dírẹ́bà. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí géètì ti ṣí, ẹ ti kọ ọ́ sára tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀ pé ìje tó bá ti kọjá ìdajì ti parí, ẹ san owó rẹ̀. Èyí tí kò tó ìdajì, kí àjákù tíkẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ èèyàn gbà á wọlé nígbàkigbà títí ọdún yóò fi parí. Ẹ má ní kí wọ́n wá gba owó padà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Olùyẹ̀wò_Ọkọ̀
Kí ẹ tó ní pápá ti gbẹ, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn yí i ká. Omi máa ń bọ́ sínú àlàfo ọ̀dà, kó tún máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ojú rẹ̀ ti gbẹ, ní kọ́nà kìíní àti ìkẹta pàápàá níbi tí wọ́n ti ń tẹ bíréèkì. Ẹ fi ẹ̀fun sàmì sí ibẹ̀, ẹ fi ẹ̀rọ atẹ́gùn fẹ́ ẹ, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá tún yọ, ẹ lo ẹ̀rọ tó ń gé ọ̀dà láti gé ojú ọ̀nà tóóró fún omi náà sí ìsàlẹ̀ pápá, kí ẹ ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣe lálẹ́ ìje.